Bẹ́ẹ bá fẹ́ fi tírélà ṣiṣẹ́ láti Èkìtì, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀

Àbúrò mi kan láti Ìkẹ́rẹ́ ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday tó kọjá, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ o, mo ti rí hẹ́ẹ̀dì DAF kan l'Ékòó, tòkúnbọ̀ ni, ẹni tó ni í ní kí n mówó wá kó tó di Friday torí àwọn méjì míì ń wò ó." Mo bi í pé ẹrù wo ló fẹ́ máa kó. Ó ní, "Ẹrù ò lè wọ́n, ẹ̀gbọ́n, ẹrù pọ̀ nílẹ̀." Mo tún bi í pé tó bá já ẹrù yẹn tán l'Ékòó, kí ló fẹ́ gbé bọ̀ wálé. Ó dákẹ́. Owó tó fẹ́ ná yẹn, owó ilẹ̀ bàbá wọn tí wọ́n tà wà níbẹ̀, owó àjọ ìyàwó ẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ohun tí mo sọ fún un sílẹ̀, kí àwọn míì tó ń gbèrò bẹ́ẹ̀ lè rí i kà.

Mo ṣe mọ́tọ̀ bọ́ì ọdún mẹ́fà lórí lọ́rì 911 tó ń kó pákó láti Ìsẹ̀ lọ Èkó, mo wakọ̀ fún èèyàn fún ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ẹ̀, ní báyìí mo ní tírélà kan àti tẹ́ẹ̀nù táyà kan, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù onítáyà mẹ́wàá, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti Adó. Iṣẹ́ yìí ni mo fi kọ́lé, mo sì fẹ́ràn ẹ̀, nítorí náà mi ò ní purọ́ fún yín nípa ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí báyìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń fi ojú ìgbà kan wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 lítà dísù kan ò tíì tó 300 naira, ogun Russia àti Ukraine bẹ̀rẹ̀, kó tó di àárín ọdún yẹn ó ti lé ní 700, nígbà tó fi máa di 2024 a ti ń rà á ju 1,000 lọ. Owó ìrànwọ́ epo tí ìjọba yọ ní May 2023, bẹntiróòlù ló kàn, kì í ṣe dísù, torí dísù ti wà lọ́wọ́ ọjà tipẹ́, àmọ́ ó kàn wá náà torí owó oúnjẹ dẹ́rẹ́bà lọ sókè, owó ọkọ̀ tí mẹkáníìkì máa wọ̀ wá bá yín lọ sókè, gbogbo ẹ̀ ló lọ sókè. Èyí tó wá dùn wá jù ni ti dọ́là, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan lára tírélà tá a ń ṣe nílẹ̀ yìí, táyà, kíláàṣì, bíárìn, nọ́sù, dọ́là ni gbogbo ẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi 460 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní June 2023 ti kọjá 1,500 ní February 2024. Mo mọ àwọn bàbá tó ní ọkọ̀ mẹ́rin, mẹ́fà, tí wọ́n ń gé ọkọ̀ kan láti fi tún èkejì ṣe, títí ó fi ku ẹyọ kan tó ń rìn.

Síbẹ̀síbẹ̀ ẹrù ò dúró. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn ọkọ̀ dín kù lójú ọ̀nà, àmọ́ ará Èkó ṣì ń jẹ iṣu, wọ́n ṣì ń kọ́lé, àwa náà ṣì ń ra sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó dáa tí kì í já oníbàárà kulẹ̀ lóde báyìí, wọ́n á máa pè é ni. Owó wà nínú ẹ̀. Ọ̀nà tí owó fi ń jáde nínú ẹ̀ ló pọ̀ ju ọ̀nà tó fi ń wọlé lọ, ọ̀nà àbájáde yẹn lẹ máa kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa dí.

Èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ ni òfìfo, kí ọkọ̀ máa rìn láìgbẹ́rù. Ẹ wá ẹrù àlọ àti ẹrù àbọ̀ kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀, mo tún un sọ, kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ báyìí: láti Adó dé Èkó lọ àti bọ̀, ẹ fi sí bíi 650 kìlómítà. Tírélà mi tó bá kẹ́rù dáadáa máa ń mu bíi lítà 40 nínú 100 kìlómítà, tó bá ṣófo á mu bíi 30. Ẹ fi lítà kan sí 1,000 naira kó lè rọrùn láti kà. Àlọ á gba 130,000, àbọ̀ lófìfo á gba bíi 98,000. Nǹkan bíi 100,000 naira lẹ jó dànù yẹn láìgbé ìdì kan, a ò tíì ka táyà tó jẹ lójú ọ̀nà, a ò tíì ka oúnjẹ, a ò tíì ka àwọn tó ń na igi sójú ọ̀nà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù kan, ẹ wo iye tó jẹ́. Èèyàn méjì lè máa gba owó ẹrù kan náà, kí ọ̀kan ra ọkọ̀ kejì kí èkejì ta ọkọ̀ tó ní, àbọ̀ ló fa ìyàtọ̀.

Ohun tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ wa ni pákó àti gẹdú, iṣu láti apá Ìkọ̀lé, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, kòkó láti Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, obì tó ń lọ òkè ọya, àti ìrẹsì. Gbogbo ẹ̀ ló ní ìgbà tiẹ̀. Iṣu tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti July sí August lọ, kòkó máa ń pọ̀ láti October wọ January, pákó ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àmọ́ tí òjò bá le, ọkọ̀ ò lè wọ inú igbó lọ gbé e, ọjà á dúró ní sọ́mìílì. Èyí tó ń wọlé ni sìmẹ́ǹtì, àlùbọ́sà, ẹ̀wà, tòmátì, ohun mímu, àwọn nǹkan ìsọ̀. Ẹ wá so ó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé pákó lọ Èkó, Ìbéṣè àti Èwékorò tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ò jìnnà, Ògùn níbẹ̀ ni, sìmẹ́ǹtì lẹ máa gbé bọ̀, 600 àpò ni ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́. Tó bá sì jẹ́ òkè ọya lẹ gba lọ, ẹ gba Ọbajana bọ̀, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀ náà, kẹ́ ẹ gba Kábbà, Òmùò, ẹ wọlé. Àmọ́ ẹ má rò pé ẹ kàn máa lọ dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kí wọ́n wá kẹ́rù sọ́kọ̀ yín. Dísítíríbútọ̀, oníṣòwò tó ń rà á lọ́pọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ló ń gbẹ́rù jáde, òun ló máa yan ọkọ̀ tó máa gbé e. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè pé ọkọ̀ ta ló ń gbé tiwọn, kí ni ìṣòro wọn pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ yẹn. Wọ́n á sọ fún yín. Màmá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Adó sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní "Ọmọ mi, èmi ò wá ọkọ̀ tó pọ́ọ́kú, ọkọ̀ tó máa dé lọ́jọ́ tó ní òun máa dé ni mò ń wá." Mo ti ń gbẹ́rù wọn láti ìgbà yẹn títí dòní.

Ó tún kù, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ ra táńkà torí wọ́n rò pé owó epo ló dáa jù. Ẹ sinmi ná. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé dísù jáde ní January 2024, ní 2025 wọ́n kéde pé àwọn ń kó ọkọ̀ 4,000 tó ń lo gáàsì CNG wọlé láti máa fi gbé epo fún oníbàárà láìgba owó ọkọ̀, òun ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, ní September ọdún yẹn. Bó bá ṣe wù kó parí sí, ẹni tó ní táńkà ẹyọ kan tó fi owó ẹ̀yáwó rà ò lè bá ọkọ̀ 4,000 du ọ̀nà. Kọ̀ńténà náà, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2021 ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọ pọ́ọ̀tù Àpápá, ẹ gbọ́dọ̀ mọ àwọn ọ̀nà ibẹ̀, tí kọ̀ńténà òfìfo bá sì pẹ́ kó tó padà, dìmọ́réèjì, owó ìtanràn pé ó pẹ́, lẹ máa gbọ́ lójoojúmọ́. Rélùwéè tó ń gba Èkó lọ Ìbàdàn láti June 2021 ti ń mú lára ẹrù kọ̀ńténà yẹn náà. Iṣu, pákó, sìmẹ́ǹtì, wọn ò rí rélùwéè kan gbé e wọ Èkìtì, tiwa nìyẹn.

Ó wá kan ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹni tí ò bá tíì ṣe é rí, mo máa ní kó fi tẹ́ẹ̀nù táyà bẹ̀rẹ̀, torí tírélà tó ní hẹ́ẹ̀dì oníléègì mẹ́ta àti bọ́dì oníléègì mẹ́ta, táyà 22 ló wà nílẹ̀ yẹn láìka sípíà. Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì Adó mọ̀ lẹ máa rà, tí ẹ máa rí páàtì ẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó láìdúró oṣù kan. Ọkọ̀ tó dáa jù láyé tí páàtì ẹ̀ ò sí nílẹ̀, ilé adìẹ ló máa dà. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń tà á kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ bá éńjìnnì ní tútù, kí wọ́n má ti gbé e gbóná dè yín. Ẹ dùbúlẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ fúnra yín, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ṣáńsì, irin gígùn tó gbé ọkọ̀ ró, láti iwájú dé ẹ̀yìn bóyá wọ́n ti jó o pọ̀ níbì kan tí wọ́n wá fi ọ̀dà tuntun bò ó. Ẹ wo táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí 2321, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní ọdún mẹ́rin ni táyà, tó bá ti kọjá ẹ̀ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dídán ẹ̀ tàn yín, ó ti gbó nínú.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ sí ìdí iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n á kó gbogbo owó tí wọ́n ní ra ọkọ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá ní owó mẹ́ta, ẹ fi méjì ra ọkọ̀, kí ẹ̀kẹta wà ní báńkì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tòkúnbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débí máa fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ gbogbo àìsàn tó gbé wá fún yín. Tí ò bá sí owó yẹn, ọkọ̀ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ ó máa wò ó, ẹni tó yáni lówó ò sì ní dúró.

Ìwé ọkọ̀, ẹ ṣe é pé, kò gba àròjinlẹ̀: ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, roadworthiness, ẹ̀rọ tó ń dín eré kù tí Road Safety ń béèrè, láìsẹ́ńsì dẹ́rẹ́bà tó jẹ́ Class G tó bá jẹ́ tírélà. Inṣọ́ráǹsì third party tọkọ̀ akẹ́rù jẹ́ 100,000 naira lọ́dún láti 2023, ọlọ́pàá sì ti ń béèrè ẹ̀ gan-an láti February 2025. Kìkì pé kò ní san ọkọ̀ tiyín, kò sì ní san ẹrù oníbàárà tó bá bàjẹ́, tiyẹn lọ́tọ̀, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibi dẹ́rẹ́bà ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Àwọn oníọkọ̀ tuntun máa ń ra ọkọ̀ mílíọ̀nù tó pọ̀ tán, wọ́n á wá wá dẹ́rẹ́bà tó gba owó tó kéré jù, wọ́n á tún máa pè é lálẹ́ pé "níbo lo dé, kí ló dé tóò tíì dé". Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù ẹ̀ tó o jẹ, kí owó ìrìnàjò ẹ̀ pé lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó gbéra, torí bí kò bá pé, dísù inú táǹkì yín ló máa fi parí ẹ̀. Ẹ bá mọ́tọ̀ bọ́ì náà sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Òun ló ń sùn lórí ẹrù yín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti rí ohun tí dẹ́rẹ́bà tó mọṣẹ́ jẹ́. A gbé pákó tútù lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, a gba Àrámọkọ, a ti ń sún mọ́ àwọn òkè tó wà lápá Ìtawúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tá a gun òkè kan, mo sọ̀kalẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ mi, pé tó bá fẹ́ padà sẹ́yìn kí n jù ú sábẹ́ táyà. A dé orí òkè, ọ̀gá mi pa ọkọ̀. Wọ́n ní kí n máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lápá òsì lẹ́yìn gbóná débi pé mi ò lè fi ọwọ́ síbẹ̀, òórùn búréèkì tó ń jóná wọ̀ mí nímú pẹ̀lú òórùn pákó tútù yẹn. Wọ́n ní ká dúró. A dúró ju wákàtí kan lọ, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ọkọ̀ kan kọjá wa, a gbọ́ ọ bí éńjìnnì ẹ̀ ṣe rọ wọ̀ọ̀, ọ̀gá mi ní "ó ti yọ jíà, ó fi sí fíríì, torí kó lè rí dísù pa mọ́." Nígbà tí tiwa tutù, wọ́n ki í sí jíà kejì láti orí òkè, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, wọn ò yọ ọ́ títí a fi délẹ̀. Ọkọ̀ tó kọjá wa yẹn la bá nísàlẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀ sínú gọ́tà, pákó ti fọ́n káàkiri títì, àwọn èèyàn ń fi tọ́ọ̀ṣì wá mọ́tọ̀ bọ́ì ẹ̀. A rí i láàyè, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dáa mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni.

Ẹ kọ́ dẹ́rẹ́bà yín bẹ́ẹ̀, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ò ní bínú tó bá dúró. Jíà tí ẹ máa fi sọ̀kalẹ̀, orí òkè lẹ ti ń mú un, kì í ṣe àárín òkè. Láàárọ̀ kó fa omi inú táǹkì ẹ̀fúùfù búréèkì jáde, kó dúró kí gééjì afẹ́fẹ́ pé kó tó gbéra. Wákàtí mẹ́rin lórí ìdí ọkọ̀, kó sinmi ìdajì wákàtí. Eré tí Road Safety fún tírélà lórí expressway jẹ́ 60, àárín ìlú 45, lójú ọ̀nà tó kù 50, tẹ́ ẹ bá pa á mọ́, ẹ ó rí i lára dísù pàápàá. Tó bá jẹ́ kọ̀ńténà lẹ padà wá gbé, kó wo àwọn twist lock mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń de kọ̀ńténà mọ́ bọ́dì, kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mì í.

Ẹ má rin òru. Mo mọ̀ pé òru ni ọ̀nà máa ń dá, táyà kì í gbóná, èmi náà ti rin ín fún ọdún púpọ̀, àmọ́ ayé ti yí padà. Láti January 2024 tí wọ́n pa ọba wa méjì lọ́nà lápá Ìkọ̀lé, mi ò jẹ́ kí ọkọ̀ mi kankan gba ọ̀nà Òmùò lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mọ́. Tílẹ̀ bá ṣú bá wọn ní Kábbà, Kábbà ni wọ́n máa sùn. Oníbàárà tó bá bínú sí i, mo máa ń bẹ̀ ẹ́, mi ò ní yí i padà.

Owó ẹrù ńkọ́? Ẹ gba ó kéré tán ìdajì kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀, kí dísù àlọ ti wà nínú ẹ̀. Wébìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, ni kẹ́ ẹ kọ iye ìdì sí, kí ẹni tó gba ẹrù fọwọ́ sí i kí wọ́n tó já èyí tó kẹ́yìn, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n já a tán. Ẹjẹ́ńtì kan jẹ mí lówó ẹrù mẹ́ta ní ọdún kan, ẹrù àkọ́kọ́ ó san ìdajì, èkejì ó ní kí n jẹ́ kóun san án pa pọ̀, ẹ̀kẹta fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Ohun tó dùn mí nínú ẹ̀ ni pé mo ti ń rí i bọ̀, ojú ló ń tì mí láti béèrè. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tó bá ti jẹ yín ní gbèsè ẹrù kan, ẹ má gbé èkejì fún un, bó ti wù kó mọ̀ yín tó.

Ẹ wá ra ìwé kan, ìwé ọmọ iléèwé lásán, kẹ́ ẹ máa kọ ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tiẹ̀: kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀ nígbà tó lọ àti nígbà tó dé, lítà dísù, owó tó wọlé, owó tó jáde, táyà tó bẹ́ àti ibi tó ti bẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé yẹn á sọ fún yín ọ̀nà tó ń jẹ yín lówó. Tèmi ló fi hàn mí pé ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn, tí owó ẹrù ibẹ̀ máa ń pọ̀, òun ló ń jẹ táyà mi jù torí kòtò, mo fi í sílẹ̀ láìdúró.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ gáàsì CNG báyìí, pé ó pọ́ọ́kú ju dísù, òótọ́ sì ni pé ó pọ́ọ́kú. Àmọ́ ẹ wo ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó yí éńjìnnì padà, ẹ ka ibi tẹ́ ẹ ti lè rà á láti Adó dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ẹyọ kan, ẹ dúró. Tó bá fi máa di mẹ́rin, márùn-ún tí wọn ò jìnnà síra wọn, èmi fúnra mi á yí tèmi padà, mo ti ń fi owó ẹ̀ sápá kan.

Àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́ ò san owó DAF yẹn lọ́jọ́ Friday. Ó lọ Ìkọ̀lé lọ bá àwọn oníṣu mẹ́ta, ó sì ti rí ọ̀kan tó ní tó bá ní ọkọ̀ tí August bá dé, tòun ni yóò máa gbé. Ó ku sìmẹ́ǹtì àbọ̀. Mo ní kó bá mi dé ọ̀dọ̀ màmá oníṣìmẹ́ǹtì yẹn ní Adó lọ́jọ́ Tuesday, kó wọ aṣọ tó mọ́, kó sì mú ìwé àti bírò dání.